Èmi Ni Mo Fa Bàbá Ọkọ Mi Jáde Nínú Omi

Mo dìde níwájú ìjọ, mo gba máìkì, mo sì parọ́. Irọ́ gidi o, kì í ṣe àsọdùn. Mo ní mo ṣubú sínú omi lókè òkun, pé bàbá ọkọ mi ló bẹ́ wọlé tí wọ́n fà mí jáde, gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà, wọ́n ń jó yí wa ká... bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn gan-an ni wọ́n ń rì, èmi ni mo fà wọ́n jáde. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí mo mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ mi kan máa ń ka péèjì yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀, mi ò mọ ibòmíì tí mo lè sọ ọ́ sí mọ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Ilé onípákó tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n bí mi sí, kí n tó mọ A B D ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ojú omi là ń wà lọ síléèwé. Ìbàdàn ni mo wá kàwé sí, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbé ní Bódìjà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ project, tí mo sì ń bá wọn dì í. Ọmọ méjì la bí, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí a fẹ́ ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ mi ò fẹ́ mi rárá, wọ́n ní kí lọmọ àwọn fẹ́ fi ọmọ inú omi ṣe. Dádì nìkan ló dúró tì mí. Bàbá ọkọ mi ni mò ń pè ní Dádì, pírínsípà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti mọ̀wé tó sì mọ àgbà, ọmọ àwọn ni, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa bínú lọ. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi le fún mi... ká ní èèyàn burúkú ni wọ́n ni, ṣé màá tún máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ gbé Dádì àti Mọ́mì lọ gbafẹ́ ní Mẹ́síkò, pé òun àti ọmọ ọwọ́ òun máa wá bá wọn níbẹ̀. Orúnkún ń dun Mọ́mì, ọkọ mi ò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí n tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ la lọ sí tour olójọ́ kan. Bọ́ọ̀sì wá gbé wa ní òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, guide wa ń jẹ́ Miguel, ó ní ọmọ Maya lòun, pé àwọn ará Maya ò parẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń rò, èdè wọn ni òun àti ìyá òun ń sọ nílé títí dòní. Ahoro ìlú àwọn baba ńlá wọn ló kọ́kọ́ mú wa lọ. Òkúta lórí òkúta, ilé kan wà láàárín tó dà bí àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ lọ sójú ọ̀run. Miguel ní ká dúró síwájú rẹ̀ ká pàtẹ́wọ́, la bá pàtẹ́wọ́, ni òkúta bá dá wa lóhùn bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń ké. Dádì pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n ń bi Miguel ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣèdánwò. Oòrùn yẹn ò ṣe é fẹnu sọ. Mọ́mì ní ṣé nítorí òkúta la ṣe wọ bàálù tó báyìí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n gbé wa lọ síbi ihò omi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta ni nísàlẹ̀, níbòmíì ilẹ̀ á kàn jìn wọlé bíi kànga ńlá, omi á wà nísàlẹ̀, ó mọ́ gaara àmọ́ ẹ ò ní rí ìdí ẹ̀. Gbòǹgbò igi ń rọ̀ dirodiro láti òkè títí wọnú omi. Àtẹ̀gùn la máa gbà sọ̀kalẹ̀. Mọ́mì ní orúnkún àwọn ò lè sọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun máa bá wọn jókòó sábẹ́ igi lókè torí ọmọ ọwọ́ òun. Bó ṣe di èmi àti Dádì nìkan nìyẹn nínú ẹbí. Wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó bá máa wọ omi wọ life jacket. Dádì wọ̀ ọ́, wọ́n wọnú omi, wọ́n di okùn tí wọ́n ta sórí omi mú, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Èmi jókòó lórí pákó létí omi, mo di fóònù àti bàtà wọn mú, mò ń ya wọ́n ní fọ́tò. Àfi bí àwọn òyìnbó kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sómi láti òkè, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹja... ni Dádì bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú life jacket. Mo ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Wọ́n ní odò ìlú àwọn làwọn ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe, kí n sáà máa ya fọ́tò. Wọ́n jù ú sórí pákó, wọ́n fi okùn sílẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń rì kì í pariwo o, irọ́ inú fíìmù nìyẹn. Mo kàn rí i pé orí wọn gbé sẹ́yìn, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí ṣùgbọ́n wọn ò rí mi. Miguel wà ní òdì kejì pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Mi ò rántí ìgbà tí mo ju fóònù sílẹ̀. Mo bẹ́ wọlé tòun ti gáùn àǹkárá lọ́rùn, omi yẹn tutù bíi yìnyín. Bàbá mi tó ti kú ló kọ́ mi pé ẹ̀yìn la ti ń mú ẹni tó ń rì, tó bá ti iwájú dì mọ́ ẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ. Mo yí gba ẹ̀yìn wọn, mo ki ọwọ́ bọ abíyá wọn, wọ́n fi èékánná ya mí lápá, wọ́n fi orí gbá mi lẹ́nu, ètè mi bẹ́, mò ń fi ẹsẹ̀ nìkan wà á... títí ọwọ́ mi fi kan àkàbà. Miguel ti dé, òun àti òyìnbó kan bá mi fà wọ́n gòkè. Wọ́n bì, omi ṣáá ló ń jáde. Wọ́n wà láàyè. Mo jókòó sórí pákó tì wọ́n.

Nígbà tí èémí wọn balẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé wọn, wọn ò bẹ̀ mí rí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, dákun, má jẹ̀ẹ́ kí Mọ́mì gbọ́. Wọn ò ní jẹ́ kí n jáde nílé mọ́." Mo ní kò séwu, Dádì. Èmi rò pé ká dákẹ́ ni wọ́n ń wí. Ká ṣáà dákẹ́... A gun àtẹ̀gùn dókè, Mọ́mì rí aṣọ mi tó ń ro tótó, wọ́n rí ètè mi tó wú, wọ́n figbe ta. Kí n tó lanu, Dádì ní, "Ìyàwó wa ló yọ̀ ṣubú sómi. Ọlọ́run ló ní kí n wà nítòsí, mo bẹ́ tẹ̀lé e." Mọ́mì kígbe Jésù, wọ́n dì mọ́ Dádì. Dádì ń wò mí láti èjìká Mọ́mì. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Dádì. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́! Miguel dúró níbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń na àtàǹpàkò sí mi pé mo káre.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ká tó dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Ká tó dé Ìbàdàn, wọ́n ti ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì. Mọ́mì ní a gbọ́dọ̀ ṣe ìdúpẹ́, àwọn ni wọ́n ra aṣọ funfun tí mo wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ. Bí mo ṣe ń parọ́ lọ lórí máìkì, Dádì dorí kodò, àwọn èèyàn ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ bàbá yìí. Látìgbà náà mo ti di ẹni yẹ̀yẹ́. Tí òjò bá ṣú, Mọ́mì á ní kí n tètè wọlé kí omi má gbé mi. Ọkọ mi ní gbogbo ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí, ẹnu lásán ni. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé màá kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá mi ní Kérésì, torí màmá ò rí èyí ọkùnrin yẹn mọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́... ó fagi lé e. Ó ní èmi tí mi ò lè ran ara mi lọ́wọ́ nínú omi, ọmọ òun ni mo fẹ́ kó lọ sórí omi? Kí ni màá sọ? Ẹ sọ fún mi, kí ni màá sọ?

Èyí tó dùn mí jù, ìyá mi gbọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, Màmá. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ojú ń tì wọ́n. Ìyá mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ, ojú ń tì wọ́n nítorí mi, nítorí ohun tí mi ò ṣe.

Tó bá jẹ́ èyí nìkan ni, màá mú un mọ́ra. Àmọ́ ní Sunday tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ mọ ìlúwẹ̀ẹ́ bíi Grandpa. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ní kí Dádì máa kọ́ àwọn méjèèjì ní swimming pool òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ring Road, láti Sátidé yìí. Mo wo Dádì, mo rò pé wọ́n máa wá àwáwí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú! Mo ní èmi náà á tẹ̀lé wọn, ọkọ mi ní rárá o, ẹ̀rù omi ṣì wà lára mi, màá kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ. Mo béèrè bóyá lifeguard wà níbẹ̀, ó ní kí la fẹ́ fi lifeguard ṣe nígbà tí Dádì wà níbẹ̀. Mo wọ kíṣìn lọ, mo fi ìkòkò lu síǹkì títí ó fi ya lápá kan.

Lánàá mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà. Mọ́mì ò sí nílé. Dádì wà ní fàráńdà, wọ́n ti ra jígí ìlúwẹ̀ẹ́ méjì fún àwọn ọmọ, ó wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀, mo ní Dádì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kó wọn lọ. Wọ́n ní omi ibẹ̀ ò ju ìbàdí àwọn lọ. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́fà ò ga tó ìbàdí yín, tó bá wọ ibi tó jìn ńkọ́, ta ló máa wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e?  Mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọmọ yín nìkan, màá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò ní jáde lẹ́nu wa. Wọ́n yọ jígí kan nínú ọ̀rá, wọ́n ń nù ún. Wọ́n wá ní, "Ọdún méjìlá rèé tí mo ti fẹ̀yìntì. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó yìn mí fún nǹkan kan. Ọkọ ẹ lè má pè mí fún oṣù kan. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Tí o bá sọ ọ́, o ti pa mí nìyẹn." Omijé bọ́ lójú wọn. Èmi náà bú sẹ́kún. A jọ sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí èèyàn kú fún... síbẹ̀ náà, wọn ò sọ pé àwọn ò ní lọ.

Inú ń bí mi, wọ́n sì ń ṣe mí láàánú, mi ò mọ èwo ni kí n tẹ̀lé. Tí mo bá sọ fún ọkọ mi, ṣé á gbà mí gbọ́, èmi tí mo ti jẹ́rìí níwájú ìjọ? Tó bá sì gbà mí gbọ́, mo ti dójú ti bàbá tó gbà mí sílé nígbà tí ẹlòmíì kọ̀ mí nìyẹn. Tí mo bá fipá tẹ̀lé wọn tí mo wọnú omi, gbogbo ẹ̀ á tú. Tí mo bá dákẹ́, tí nǹkan kan wá ṣe ọmọ mi... ẹ gbà mí, ta ni màá sọ fún nígbà yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ ìyàwó ilé rí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ̀yin ọkùnrin, tó bá jẹ́ bàbá yín ni, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ìyàwó yín sọ ọ́? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé àwọn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?