Ìyá Oníbodè

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Karùn-ún, 1990

Láníyọnu kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò ní sùn.

Eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti London la ti ń ṣe ní yàrá mi ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, láti bí oṣù kan. Ìwé kan, bébà, dáìsì olójú ogún tí à ń jù láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹnìkan fẹ́ ṣe á bọ́ sí i; ogún ló ga jù. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń rin ìrìn àjò nínú eré náà, kálukú pẹ̀lú èèyàn tó ń ṣe: Láníyọnu tó ni dáìsì, Àbùbákàr ọmọ Ìlọrin, àti Ọláolúwa àbúrò mi. Èmi ni Olùdarí. Mo ń sọ ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, èmi náà ni mo sì ń ṣe gbogbo èèyàn yòókù tí wọ́n bá pàdé. Láníyọnu ló gbé iṣẹ́ yẹn fún mi. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn yòókù yẹn ni mo ń pè ní ará ìlú mi.

Lónìí mo mú ẹni tuntun jáde. Ìyá Oníbodè, arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò wọ́n. Ohùn Ìyá Àgbà ni mo fún wọn, ìyá bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán — jẹ́jẹ́, kò sí ìkánjú. Wọn a bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Wọn a bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Wọn a tú gèlè, wọn a tún un wé, kí wọ́n tó wá fèsì.

Láníyọnu wọlé tọ̀ wọ́n. Kò ní ẹ káàsán. Kò ní ẹ kú ìjókòó. Ó ní, ‘Ìwọ obìnrin yìí, kọ́kọ́rọ́ dà?’

Ìwọ! Obìnrin yìí!

Mo ní Ìyá Oníbodè ò gbọ́. Ó tún un sọ, ó pariwo. Mo ní wọn ò gbọ́. Ó ní ṣé adití ni. Mo ní rárá o, ẹni tí kò bá kí wọn ni wọn kì í gbọ́. Ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní Ìyá Oníbodè kì í ṣe èèyàn, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ ńkọ́? Àbùbákàr ló lóṣòó nígbẹ̀yìn, ó lóṣòó gidi lórí ẹní mi, ó kí wọn, ó bèèrè àlàáfíà ilé. Mo ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Láníyọnu ní ojúsàájú ni mò ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni. Ojúsàájú ni.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Karùn-ún

Inú ṣì ń bí mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ ìwàásù.

Ohun tí mo rò dípò rẹ̀: ẹni tí kò bá fẹ́ nǹkan kan fún ara rẹ̀ kì í ṣe èèyàn, òpó ni. Ìwé eré London yẹn kọ agbára àwọn ará ìlú, ó kọ ohun ìjà wọn, kò kọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ìyá Oníbodè ń fẹ́ kí ẹnìkan bá wọn tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Kò kan ìṣúra tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá. Tiwọn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Karùn-ún

Ọláolúwa gun òrùlé! N kò bẹ̀ ẹ́, n kò ṣẹ́jú sí i. Ó kàn ní Jagun òun — ẹni tó ń ṣe nìyẹn — ti gbé idà sílẹ̀, ó ń wá koríko. Gbogbo ọ̀sán ló fi bo ilé. Nígbà tí Ìyá Oníbodè ń súre fún un, ó bú sẹ́rìn-ín: ‘Ìyá Àgbà rèé! Àǹtí mi, ẹ ti jí ohùn wọn gbé!’ Mo ní kó panu mọ́. Inú mi dùn títí.

Inú dídùn ò pẹ́. Àbùbákàr sọ fún mi pé Láníyọnu ń ròyìn Ìyá Oníbodè níbi tí a ti ń jẹun nílé ìwé, pé òun lòun hùmọ̀ wọn. Òun! Tí kò kí wọn!

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Karùn-ún

Bàbá rán awakọ̀ kan wá. Kí Ọláolúwa wálé sí Ọ̀mù-Àrán kíá, òjò wó ògiri. Kí èmi jókòó ti ìwé mi, ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní n ó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ní Bàbá tẹnu mọ́ ọn: Tèmítọ́pẹ́ kò gbọdọ̀ wá. Ṣé èmi kò ní ọwọ́ tí mo lè fi po amọ̀ ni? Mo bínú títí mo fi jó ìrẹsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Karùn-ún

Ọláolúwa ò tíì dé. A ṣeré láìsí i — kò tíì dùn tó báyìí rí. Ìyá Oníbodè sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ọkọ àkọ́kọ́ nítorí pé ó ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Àbùbákàr rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí àga. Láníyọnu pàápàá ní, ‘Ẹ káàsán, mà.’ Mà! Ó ṣòro fún un o, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Karùn-ún

Ó ti dé. Ojú rẹ̀ wú, ó ní eruku ni. Mo bi í, Ìyá Àgbà ńkọ́? Ó ní, ‘Wọ́n wà.’ Kò jẹun. Ìyá Adédoyin, tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú Bàbá nílé kí wọ́n tó kó wá sí Ìlọrin, gbé ẹ̀wà wá fún mi, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, kò tán bọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Karùn-ún

Ọláolúwa pa Ìyá Oníbodè.

Àbúrò mi. Ọmọ ìyá mi. Kò sí ìjà, kò sí ohun tó fà á. Wọ́n kàn ń bi í bóyá ó ti jẹun ni. Mo ṣì ń tú gèlè mi lọ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ló dìde, ó ní Jagun ti fa idà yọ. Mo rò pé àwàdà ni. Ó ní òun ò ṣàwàdà. Ó ju dáìsì — ogún. Láníyọnu ń pàtẹ́wọ́: ‘Ogún! Ó ti parí!’ Ọláolúwa kò wojú mi. Ó jáde, kò wọ bàtà.

Ẹni tó bo ilé fún wọn! Kí ni wọ́n ṣe fún un? Ìkà ni. Mo ti ń sunkún láti ìrọ̀lẹ́, ojú sì ń tì mí pé ẹni tí mo fi pẹ́ńsù dá ni mò ń sunkún sí. Ṣùgbọ́n ohùn Ìyá Àgbà ló wà lẹ́nu wọn nígbà tó gún wọn. Ṣé kò gbọ́ ni?

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Karùn-ún

N kò fẹ́ rí i.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Karùn-ún

Ó kanlẹ̀kùn. N kò ṣí i. Ó dúró pẹ́ kó tó lọ.

Àbùbákàr ní kí ló ń dà mí láàmú, ṣebí èmi ni Olùdarí? Bí mo bá ní wọn ò kú, ta ni yóò bá mi jiyàn? Òótọ́ ọ̀rọ̀. Kí Láníyọnu lọ pariwo ogún rẹ̀ níbòmíràn. Ní Sátidé, Ìyá Oníbodè á dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹfà

Mo ránṣẹ́ pe Ọláolúwa, ó wá. Mo ní: ẹ dé ẹnubodè, ẹ bá Ìyá Oníbodè lórí àpótí wọn, wọ́n fi aṣọ di ẹ̀gbẹ́. Mo tú gèlè. Mo fi ohùn wọn pe Ọláolúwa ní oríkì rẹ̀: ‘Àkànní, o gún mi, n kò bá ọ jà. O ti jẹun?’

Ó ní, ‘Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ́n mọ́.’

Mo ní èmi ni Olùdarí. Ó ní wọ́n ti kú. Mo ní wọn ò kú, ọgbẹ́ náà ò jìn.

Ó ní, ‘Ìyá Àgbà ni mò ń wí. Ìyá Àgbà ti kú, Àǹtí mi. A ti sin wọ́n. Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí ẹ ó fi ṣe ìdánwò tán. Bí mo ṣe wá ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu yín — mi ò lè fara dà á ni.’

Àbùbákàr ní, ‘Ìnná lílláhì.’ Láníyọnu dìde. Ó ní, ‘Ẹ kú ara fẹ́ra kù.’ Ó pè mí ní ẹ. Lẹ́yìn náà ló kó dáìsì rẹ̀, òun àti Àbùbákàr sì bá tiwọn lọ.

Sátidé 19 ni wọ́n sin wọ́n. Wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ lé wọn ní Ọ̀mù-Àrán, èmi ń fi ohùn wọn pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní Tanke. Gbogbo ayé ló mọ̀. Awakọ̀ mọ̀. Ìyá Adédoyin mọ̀, wọ́n gbé ẹ̀wà wá! Ta ló bi mí? Ta ló bi mí bóyá ìdánwò ju Ìyá Àgbà lọ? Wọ́n jókòó, wọ́n pín ohun tí n ó mọ̀ àti èyí tí n kò ní mọ̀ fún mi, bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù Kẹfà

Mo ṣí ìwé ìdánwò ọ̀la. Mo pa á dé. Èmi àti Ọláolúwa jọ jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹfà. Ọ̀mù-Àrán

Nígbà tí wọ́n ń pín bébà ìdánwò, a ti kọjá Àjàṣẹ́. Ọláolúwa ti bẹ̀ mí títí ní gáréèjì kí n padà. Mo san owó ọkọ̀. Ó bá wọkọ̀ tẹ̀ lé mi.

Kò sí ògiri tó wó. Sìmẹ́ńtì tuntun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò tíì sí orúkọ lórí rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì tijú.

Bàbá ti ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni dé, wọ́n bá mi níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn: ‘Tèmítọ́pẹ́! Ìdánwò ńkọ́?’ Ìdánwò! Mo ní wọ́n ti ṣe é láàárọ̀, n kò sí níbẹ̀. Wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, pé Ìyá Àgbà fúnra wọn kò ní fẹ́ kí n fìdí rẹmi. Mo ní, ‘Ẹ ò bi mí, sà.’ N kò gbójú sókè sí Bàbá rí láyé mi. Lónìí mo gbé e.

Ni wọ́n bá yí ojú sí Ọláolúwa. Ó gbá báàgì mi mọ́ àyà. Bàbá ní, ‘Ta ló sọ fún un?’

Kó tó lanu, mo ní, ‘Ìyá Àgbà fúnra wọn ni, sà.’

Bàbá wo ojú mi. Wọ́n wo sìmẹ́ńtì náà. Wọ́n wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò sì tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́.