Ìyá Mi, Ẹ Má Lo Oògùn Orúnkún Yẹn Mọ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Olódò. Mo kí Àkàndé àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, mo kí ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, yóò sì fi fóònù yà á ránṣẹ́. Mo ti ní kó má bù mọ́ ọn.

Òjò ń rọ̀ níbí. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo ṣì ń gbá, tí mo sì ń nù. Owó rẹ̀ ń tó jẹun. Èrò kún ilé tí mo ń gbé, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí mo ṣe sùn. N kò ka ìyẹn sí mọ́.

Ẹ mọ̀ pé aláìsàn kì í kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo. Orí fọ́, abẹ́rẹ́. Ikọ́, abẹ́rẹ́ àti oògùn kún ọ̀rá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ́n fi wé ti gbogbo Nàìjíríà, wọ́n ní oògùn tí à ń fúnni pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, pàápàá oògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì àgbà wa rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ó dúpẹ́. Ni wọ́n bá gbé dókítà tuntun wá, ọmọbìnrin kékeré kan. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó fúnni ní nǹkan. Ìyá kan bi í pé ṣé torí kó lè wo òun lójú lòun ṣe wọkọ̀ wá. Bàbá kan ní kó tiẹ̀ gún òun ní omi lásán, kóun lè rí nǹkan sọ délé. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, Àkàndé pè mí pé ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, pé ẹ kò lè nàró. Mo fi oògùn ìrora orúnkún tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín han dókítà náà. Ó ní ó jọ pé oògùn náà ti dá ọgbẹ́ sí yín nínú, pé ẹ̀jẹ̀ ló dúdú bẹ́ẹ̀, ká gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. N kò sunkún. Mo nu ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Títí di ìsinsìnyí, kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Àkàndé ní ẹ ti kó oògùn náà sábẹ́ ìrọ̀rí, pé ẹ kò ní wọkọ̀ lọ síbì kankan. Ẹ ní mo ti ya ahun ní ìgboro, mi ò fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́ mọ́, àfi kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Etí yín kò gbọ́ fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi rèé. Èmi tí mo fi í ránṣẹ́ ló ní kẹ́ ẹ má lò ó mọ́. Bí ọ̀rá bá ti kún ni mo máa ń rò pé mo ti tọ́jú yín.

Wọ́n ní ẹ máa ń pín oògùn náà fáwọn ẹgbẹ́ yín. Kí Àkàndé ka èyí sókè, kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n ju tiwọn nù.

Bí ọkọ̀ bá ti dé, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ bú mi títí dé ibẹ̀, kò burú. Mo ti ń lọ dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá náà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé.

Èmi ọmọ yín,
Àṣàkẹ́