Ìrọ̀rí Tí Mo Fi Ṣe Ọ̀já

Màmá mi,

Ẹ kú àárò ọmọ-ọmọ yín. Ó ń mu ọmú dáadáa, ó sì ń pariwo bíi Bàbá nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́.

Ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí mi ti ń jinná. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa lo oògùn kí ìrora tó dé. Ìdajì ni mò ń lò, torí odindi máa ń kùn mí lóorun, ta ni yóò wá gbọ́ ẹkún ọmọ? Bàbá rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́.

Ẹ ní kí n fi ọ̀já di ikùn kó lè wọlé. Ìrọ̀rí ni mo fi ṣe ọ̀já báyìí, torí ó rọ̀. Òun ni mo ń gbá mọ́kùn tí mo bá fẹ́ wúkọ́ tàbí dìde.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò rẹ́rìn-ín lánàá, nígbà tí ẹ sọ ti onílé tó wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ sípàdé. Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo yára pa fóònù ni, kí ẹ má baà gbọ́ igbe ìrora tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ máa pè mí lójoojúmọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni kí ẹ máa bá mi sọ ná.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ̀rín ń pa.