Kámẹ́rà Tí Kò Dún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìwọ tí o ń fi ojú wá oúnjẹ, ojú kò ní dùn ọ́. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà rẹ tuntun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí o wálé, o ní kò ní dígí nínú, pé ojú inú rẹ̀ ń ríran nínú òkùnkùn, pé ọpọlọ rẹ̀ sì yá débi pé fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹyinjú ènìyàn rí. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà lo ní kí èmi àti àbúrò mi káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí a di ọwọ́ ara wa mú, kí a má mira. O kúkú mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti pín ilé bàbá wa, ọ̀rọ̀ kò pa wá pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ jiyàn? A di ọwọ́ mú. À ń retí kó dún kà bíi ti àtijọ́, kò dún. Ìwọ ti wọ yàrá lọ, ò ń ya ibi tí kò níná, àwa ṣì dúró bí òpó. Nígbà tó pẹ́, àbúrò mi ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní tirẹ̀ ló ń gbọ̀n tó ń mi tèmi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mo ti gbàgbé pé ẹ̀rín bàbá wa ló ń rín.

Lẹ́yìn tí o lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ṣàlàyé fún mi pé dígí inú ti àtijọ́ ló máa ń dún bó bá ṣí, pé èyí ti yà wá kí a tó mí. Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Nítorí lánàá, àbúrò mi yọjú sí mi lójú fèrèsé, ó bi mí pé ṣé kiní yẹn ti yà wá. Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní kò tíì yà wá, pé ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń rò ó. Ó ní á jẹ́ pé a tún máa dúró nìyẹn. Ó sì ti lọ fá irùngbọ̀n.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi fọ́tò yẹn han ẹnikẹ́ni. Tètè wálé. Kọ ojú ẹ̀rọ náà sí wa, kí o sì jẹ́ kó pẹ́. Kó máa yára fún àwọn ará ìlú ńlá, ṣùgbọ́n kó rọra ṣe tiwa.

Fi owó ránṣẹ́ pẹ̀lú, orúnkún wa kò gba ìdúró mọ́, a nílò bẹ́ǹṣì elénìyàn méjì. Fúnra mi ni mo máa lọ bá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kó kàn án. Ṣùgbọ́n kí owó náà má pọ̀ jù, kí èmi àti òun lè máa dúnàádúrà lórí iye bẹ́ǹṣì náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ire tí ojú rẹ ń wá kò ní sá fún ọ. Bí àwọn ọmọ rẹ bá sì pín ilé lọ́jọ́ iwájú, wọn kò ní pín ara wọn.

Èmi ni bàbá rẹ.