Òyìnbó Ní Kí N Pe Ọkọ Mi Lórúkọ

Ẹ̀yin Bàbá mi, ẹ̀yin Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Joju níbí, ní Sango-Ọ̀tà, orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀. Ìyá àgbà ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Múfú àti ìyàwó wọn. Ẹ bá mi fa Táíwò àti Kẹ́hìndé létí, ẹ ní kí wọ́n má jà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kí wọ́n jọ máa sùn síbẹ̀. Mo ní kí ìwé ìròyìn wa ní Ṣakí bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo ẹni tó jó lọ́jọ́ ìyàwó mi lè mọ̀ pé ijó yẹn ò já sí asán.

Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́! Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí ọkọ mi tí wọ́n ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kiri inú yàrá, ẹ̀rín á pa mí, wọ́n á ní kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí, èmi náà ò ní mọ̀. Iṣẹ́ iná ni wọ́n ṣì ń ṣe. Láti ìgbà tí yunifásítì ti ń gbèrú lọ́nà Ìdíròkò, tí àwọn ìjọ ńláńlá sì ń kọ́lé, ọwọ́ wọn ò dilẹ̀: lónìí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́la gbọ̀ngàn ìjọsìn. Tí ìpàdé ńlá bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti Ìyànà Ìyẹsí ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn wálé, nítorí ọkọ̀ ò ní lọ. Wọ́n á dé, eruku á bò wọ́n, wọ́n á ní ìyàwó mi, kí lo sè? Ẹ ò rí i pé mo ti dé ibi ayọ̀.

Òjò ibí ò jọ ti Ṣakí. Tó bá rọ̀, ọ̀nà Joju á di ẹrẹ̀, a ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ títí a ó fi dé ojú títì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣòro fún mi ni bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án. Nínú agbo ilé wa, èèyàn ò lè húkọ́ kí ẹnì kan má sọ pé pẹ̀lẹ́. Níbí, gbogbo ayálégbé á ti jáde kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á wá ku èmi àti adìẹ onílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ̀ nígbà tí àbúrò ọkọ mi bá mi wá iṣẹ́.

Ẹ rántí wọn. Àwọn ni ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ ìyàwó, tí wọ́n gba agboòrùn lọ́wọ́ yín, Màmá mi, tí wọn ò dá a padà. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àbúrò mi ni wọ́n lọ́jọ́ orí, ọkọ mi ni wọ́n nílé. Eyínfúnjowó ni mo sọ wọ́n, nítorí eyín wọn funfun báláú.

Ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe korobá àti àga oníke ni a ti ń ṣiṣẹ́, lápá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Sango. Eyínfúnjowó ló ń bójú tó ọjà inú sítọ́ọ̀. Èmi ń gbé fóònù nínú ọ́fíìsì: tí kọ́sítọ́mà bá ní lágbájá ni òun ń wá, èmi ni mo máa ń pe lágbájá. Wọ́n ṣì ń dán mi wò nígbà náà ni, wọn ò tíì gbà mí wọlé pátápátá.

Ará Íńdíà ni ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Nígbà tiwọn, yàrá yàrá ni ọ́fíìsì. Àwọn wà lókè nínú yàrá díńgí, wọ́n ń wo gbogbo wa nísàlẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ oko, aago ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Bí ipò ẹni bá ṣe ga tó ni ilẹ̀kùn ẹni ṣe ń nípọn tó. Kò ṣòro fún wa, ó jọ ilé: àgbà ní ibùjókòó, ọmọdé ní tirẹ̀. Èmi á rìn dé ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, màá tẹ orúnkún, màá ní ọkọ mi, wọ́n ń pè yín lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó gbọ́, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìgbà tí wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà ni òyìnbó kan dé láti Hólándì. Pítà lorúkọ rẹ̀, ó sì ní Pítà náà ni ká máa pe òun, kò sí sà, kò sí ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n wó gbogbo ògiri inú ọ́fíìsì. Àfi gbọ̀ngàn gbọrọrọ, tábìlì gígùn kan láàárín, Eyínfúnjowó náà kúrò ní sítọ́ọ̀ wá síbẹ̀, òyìnbó pàápàá jókòó sáàárín wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú àwọn, ẹni tó bá rí i pé ọ̀gá ṣìnà á sọ ọ́ lójú rẹ̀, ọ̀gá á sì dúpẹ́. Ó bi wá ní mítìǹgì bóyá ohun kan ń bí wa nínú. Gbogbo wa ní rárá o, ó dára gan-an. A jáde síta, ẹnu ò wá gba ọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá Làmídì tí wọ́n ń po tíì rò pé wọ́n ti dá àwọn dúró, nítorí òyìnbó dìde fúnra rẹ̀, ó po tíì tirẹ̀, ó tún po ti Bàbá Làmídì. Wọn ò lè mu ún. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ sọ fún ìyàwó àwọn nílé, pé ọ̀gá ló po tíì fáwọn? Alhaji tó ń ṣírò owó kò jẹ́ jókòó sídìí tábìlì yẹn, wọ́n ní àgbà kì í jókòó kí ọmọdé máa gba ẹ̀yìn òun kọjá bí ẹni tó ń wẹ̀ lójú títì. Wọ́n fa àga wọn lọ fẹ̀yìn ti ògiri tó kù. Èmi ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn láti kí àwọn àgbà. Òyìnbó sáré dìde, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń wo abẹ́ tábìlì, ó ní ṣé yẹtí mi ló já bọ́. Títí di òní, tí Alhaji bá rí mi, wọ́n á bi mí bóyá mo ti rí yẹtí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ni ti orúkọ. Pítà ní orúkọ lásán ni kí gbogbo wa máa pe ara wa, orúkọ tí kálukú bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ orúkọ. Àwọn tó kù ń gbìyànjú, wọ́n á pe orúkọ tán, wọ́n á gbé sà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Kọ́sítọ́mà kan wá pè láti Ìlọrin pé ẹni tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ ni òun ń wá, Eyínfúnjowó nìyẹn. Èdè òyìnbó ni a ń sọ nínú gbọ̀ngàn náà, ojú gbogbo ayé sì wà lára mi. Mo dìde, mo fi gẹ̀ẹ́sì ké pé ọkọ mi, fóònù o! Ọmọbìnrin ló dìde. Pítà wò mí, ó wò wọ́n. Nígbà tó yá ó rọra wá bi mí pé ọkùnrin tó máa ń wá mú mi nírọ̀lẹ́ ńkọ́, ọkọ mélòó ni mo ní gan-an? Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Alhaji bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nu omijé. Eyínfúnjowó ní kí n dá a lóhùn, pé láàárín àwọn ọkọ náà, àwọn ni ìyáálé.

Kò bínú, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá ń gbé fóònù gbọ́dọ̀ lè pe èèyàn lórúkọ, kí kọ́sítọ́mà lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní tí oṣù bá parí tí mi ò tíì lè ṣe é, òun á gbé fóònù fún ẹlòmíràn, kò sì sí àga mìíràn tí òun lè fún mi.

Mo dé ilé, mo sọ fún ọkọ mi. Wọ́n ní kí n pè é jàre, pé orúkọ tí èèyàn bá pè ní èdè òyìnbó kì í ka. Eyínfúnjowó tó wà níbẹ̀ ní ó dára, kí n pè é, káwọn rí bóyá ilé yìí á gbà wá. Wọ́n ń ṣeré ni, mo mọ̀, síbẹ̀ inú mi ò balẹ̀. Tí èmi nìkan bá ń dáná, mo máa ń gbìyànjú láti sọ orúkọ náà sínú ìkòkò. Á dé ẹnu mi, á yí padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá ìyá ọkọ mi ní Ọ̀tà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo rò fún wọn. Wọ́n ṣa ẹ̀wà títí, wọ́n wá ní àwọn ò ní ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ò sì ní ní kí n pè é. Wọ́n ní àbúrò ọkọ àwọn kan wà, Bàbá Jẹ́jẹ́ ni àwọn sọ ọ́ láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé. Ó ti kú tipẹ́. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sójú sàréè, àwọn ni wọ́n bi léèrè, àwọn mọ̀ ọ́n, ẹnu àwọn ò gbé e. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ọsàn kan dání lọ fún ọkọ mi. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀.

Oṣù ku díẹ̀ kó parí ni fóònù dún láti Ìbàdàn, sítọ́ọ̀ ni wọ́n ń wá. Pítà gbé kálámù sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo dìde. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè pe èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n, láéláé. Mo bá lanu, mo ké e láì fi sà sí i, láì fi ọkọ mi sí i: Eyínfúnjowó! Fóònù!

Wọ́n dìde, wọ́n gba fóònù bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n ti ń jẹ́ láti iléèwé nìyẹn. Pítà ní ta nìyẹn, òun ò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀. Eyínfúnjowó sọ̀rọ̀ fóònù tán, wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìwọ Pítà lo ní orúkọ tí kálukú bá fẹ́? Èyí ni mo fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mí ní nǹkan mìíràn níbí mọ́. Ẹ̀yin Bàbá mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan nínú wa máa ta ko òyìnbó yẹn lójú rẹ̀. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Alhaji ló ṣàlàyé láti ẹ̀bá ògiri wọn pé owó ẹyọ làwọn bàbá wa ń ná, ó funfun, eyín ọmọ yìí wá funfun jù ú lọ. Pítà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Wọ́n la eyín sílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni! Ó gbìyànjú láti pè é, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di nǹkan ẹyin, gbogbo wa wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Wọ́n ti gbà mí wọlé pátápátá báyìí, ẹ bá mi yọ̀! Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, Eyínfúnjowó ni àwọn kọ́sítọ́mà ń bèèrè. Bàbá Làmídì ò tíì mu tíì òyìnbó o. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n ní orúkọ tí àwọn sọ ọmọ ò tíì mú nǹkan kan wálé, tèmi ti ń gba owó oṣù.

Ohun díẹ̀ tí mo fi rán awakọ̀ Ṣakí, ẹ gbà á, ẹ má wò ó bó ṣe kéré. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí yín gùn, kẹ́ ẹ fọwọ́ yín wẹ ọmọ tí mo máa bí. Kí oúnjẹ má wọ́n nílé, kí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà tún máa jó. Mo kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí níbí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ mí lórúkọ, ẹ bá mi máa pe orúkọ náà nílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa gbàgbé ohùn yín.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́.