Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní "Èmi"

Taisíyà, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ìlú ńlá kò mú ọ jù? Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òpin yìnyín ọdún yìí yóò jẹ́ kó o rí ti ọdún púpọ̀ sí i. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, méjì ni, òrùlé ilé ìwẹ̀ sì ti ń jò.

Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Nígbà tó o ní gbòǹgbò lò ń kọ́ ní yunifásítì, mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé ọmọ mi ti di oníṣègùn. Ni Kapitolína aládùúgbò wa bá gbé orúnkún rẹ̀ tó wú wá, ó ní gbòǹgbò wo ni kí òun sè. Mo ní kó se èyí tó bá rí. Ìgbà tí ìwé gírámà èdè wa tó o fi ránṣẹ́ dé ni mo tó mọ̀ pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni. Mi ò tíì lè sọ fún un, torí ó ní orúnkún náà ti ń fúyẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlu bàbá rẹ lóṣù Kejìlá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ká jọ máa kàwé sókè lójoojúmọ́. Ìwé rẹ yẹn ni mo mú. Àṣé ọ̀rọ̀ ẹnu wa máa ń pààrọ̀ ìrù ní ìbámu pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe nǹkan, èmi sì ti ń sọ ọ́ láti ọgọ́ta ọdún láì mọ̀! Báyìí la ń kà á láràárọ̀, ti èmi, ti ìwọ, ti òun, títí ahọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀.

La bá dé orí ọ̀rọ̀ "pobedít," ìyẹn "ṣẹ́gun." Ibi tó yẹ kí "èmi" wà ṣófo. Mo lọ bá obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ jà pé ọ̀rọ̀ kan já bọ́ nínú àpò ìwé mi lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì kígbe sí ọ létí torí ibi tó o wà jìnnà. O ní kò já bọ́, pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ti "èmi" rárá, àti pé "beda," ìyọnu, ni gbòǹgbò rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ààrò, mo sunkún.

Bàbá rẹ kò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá "èmi" yẹn, "pobe… pobe…," ó ń fi ọwọ́ tó dáa lu tábìlì, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní, Yefím, fi í sílẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ò ní i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó di ìka mi mú, ó gbé e lé orí ti "àwa," ó sì sọ ọ́ délẹ̀ pé, "Pobedím." A ó ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ló ní kò síyọ̀ nínú oúnjẹ òun.

Bí owó rúbù díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún òrùlé, ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù mọ́. Mo tú ẹ̀yìn fóònù láti wá èyí tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Bàbá rẹ ní kí n kọ èyí sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, tíì wa ti tutù kó tó parí ẹ̀: "Taisíyà, máa bọ̀ wálé."

Ìyá rẹ,
Glafíra