Ẹ̀rọ Tó Ń Polówó Ẹ̀pà

Àsàbí, ọ̀rẹ́ mi,

Ara mi le. Mánsúrù ọmọ mi ń tọ́jú mi ní Bódìjà níbí, mò ń jẹ, mò ń sùn.

Lánàá, obìnrin kan tó ń kiri ẹ̀pà gbé ẹ̀rọ tó ń bá a polówó kọjá níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo "Ẹ̀pà dídùn" lọ. Nígbà tí èmi àtìwọ ń kiri ẹ̀kọ ní Ṣakí, ṣé a kì í sọ igbá kalẹ̀ kí ọlọ́fọ̀ ni, ká sì dákẹ́ títí a ó fi kọjá? Mo pa ẹ̀rọ náà, mo gba àtẹ obìnrin náà, nígbà tí a sì ti kọjá ilé ọ̀fọ̀ náà, mo fẹnu ara mi polówó yí àdúgbò ká. Ẹ̀pà tán pátá.

Mánsúrù ní mo dójú ti òun. Ó ti géètì, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n sinmi. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

Bá mi kí Ọlárónkẹ́ ọmọ rẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè mi, sọ pé mò ń gbádùn. Má dárúkọ kọ́kọ́rọ́ fún wọn.

Èmi ni, Rábíátù.